Àga Orí Wáyà

Òórùn ìpara gbígbóná ló máa ń jí mi láàárọ̀ ìgbà òtútù. Nínú yàrá tí èmi àti Bọ̀dá Kúnlé ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn ní Langley Park nílẹ̀ òyìnbó, ìyá wa á ti jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á máa fi ìpara náà ra á lórúnkún àti ìgbọ̀nwọ́. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi ṣiṣẹ́ mọ́jú nílé àwọn arúgbó. Bọ̀dá Kúnlé kì í ké. Èmi ni mo máa ń ké, tí ìpara bá ta sí mi lójú.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Bí òtútù bá ti wọ̀ ọ́ lára, inú egungun ni ìrora náà ń gbà jẹ ẹ́. Ìyá wa mọ orúkọ oògùn ju orúkọ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sọ fún ẹnì kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn á ní àbíkú ni. Tó bá sì dàgbà, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún un? Nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ibà ni a ń sọ pé ó ń ṣe é. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni màmá máa ń wí, á sì fà mí létí, torí èmi ni ẹnu mi ń jò jù nílé.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí Bọ̀dá Kúnlé jẹ́ mẹ́rìndínlógún, Bọ̀dá Fẹ́mi, olórí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, kó ìwé pélébé kan wá. Àwòrán òkè ńlá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Maryland ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan so pákó mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń yọ̀ bọ̀rọ́ lórí yìnyín. Àwọn kan jókòó sínú rọ́bà táyà, wọ́n ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀. Lókè gbogbo rẹ̀ ni àga kan wà tó so rọ̀ sórí wáyà, tó ń gbé èèyàn méjì méjì lọ sí ṣóńṣó òkè láìsí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bọ̀dá Kúnlé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi tí mo ń di irin àtẹ̀gùn mú ní àjà kejì ilé wa, mo yí ojú sí ògiri kejì.

Màmá ní kò ní bá àwọn ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí bàbá wa fi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà ṣe bí ọmọ. Màmá gbà, ṣùgbọ́n ṣòkòtò mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wọ̀ léra, kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú ilé tí wọ́n ti ń yáná nísàlẹ̀ òkè. Ó wá kọjú sí mi: "Dèjì, ojú rẹ ni mo fi ṣọ́ ọ. Ẹnu rẹ ńkọ́, fi sílé."

Nígbà tí a dé òkè náà, títí di ọ̀sán ni Bọ̀dá Kúnlé fi jókòó ti iná bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Bọ̀dá Fẹ́mi wọlé, ó bi í bóyá ó ti di ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dìde.

Ó fà mí dé ìdí àga náà. Nígbà tí àga kan yí dé, tí mo rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mì í, mo ní ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó wò mí, ó ní, "Lọ tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n pa ẹnu ẹ mọ́." Òun nìkan ló gùn ún. Àyè mi ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní àárín méjì ni wáyà náà dúró. Fìlà àwọ̀ ewé rẹ̀ ni mò ń wò, nínú atẹ́gùn, lókè àwọn igi funfun. Bọ̀dá Fẹ́mi dúró tì mí, ó ń mu tíì gbígbóná. Mo sọ lọ́kàn pé tí n bá ka ọgọ́rùn-ún tí kò tíì gbéra, màá sọ. Mo kà á tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí mo ń gbọ̀n.

"Ẹ̀rù ibi gíga ló ń bà mí, sà," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ pa mí lórí.

Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ orí yìnyín gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ti fi eyín di ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló fi rọ́. Wọ́n bu yìnyín sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Orúnkún tí màmá ń fi ìpara ra láràárọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là: "Ẹ gbé e kúrò. Òtútù ló ń pa á."

Ìrora náà wọ inú àyà rẹ̀ ní ọsibítù. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Màmá ò bi mí ìdí tó fi gun òkè. Ohun tó bi mí ni pé, "O ò sọ fún wọn?" Mo ní, "Ẹ ní kí n má sọ, mà." Láti ọjọ́ náà kò fà mí létí mọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó kí ó tún fà á.

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ilé ìwé ò gbé mi jìnnà. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní ìtòsí Upper Marlboro, wọ́n sì ní ẹnu mi ti di ajádìí apẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo kó àwọn ọmọ àbúrò mi lọ sí òkè yẹn. Kí ẹni tó ń ṣọ́ àga tó kí mi, mo ti sọ èyí tí kì í lè mí dáadáa, èyí tí kì í jẹ ẹ̀pà, àti irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára olúkúlùkù. Ojú ti àwọn ọmọ náà, wọ́n fi fìlà bo ojú.

Mo gun àga náà, mo di ojú. Ó dúró díẹ̀ ní àárín méjì. Èyí tó kéré jù, tó jókòó tì mí, ní, "Ẹ̀rù ń bà yín, Ọ́ńkù."

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni mo dá a lóhùn. Ohun tí mo wí nígbà èwe nìyẹn náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, mo ti kọ́kọ́ sọ gbogbo èyí tó kù.