Búúṣì Tuntun Tí Ó Gbé Ìyáálé Mi Wálé

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo ṣí géètì. Ìkùukù ṣì bo àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aládùúgbò mi kan tí ó ń gbálẹ̀ nàró, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wa ọkọ̀ yìí dé Èkó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi nìkan ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá fẹ́, mi ò ní dá bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé ìyàwó méjì ni ọkọ wa fi sílẹ̀ sáyé. Ìyá Bàsírù ni ìyáálé, èmi ni ìyàwó. Òun ló pọn àwọn ọmọ mi nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bí wọ́n bá sì ń sunkún lóru, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wá. Nígbà tí ọkọ wa kú, Bàsírù àkọ́bí rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, wá mú un lọ sọ́dọ̀ ní Ìgàndó. Àwọn ọmọ tèmi náà ti tú ká. Ó wá ku èmi nìkan nínú ilé ńlá, èmi àti Pijó 504 aláwọ̀ ìyeyè tí ọkọ wa fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn yìí ni ìyáálé mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyàwó, wá mú mi lọ sílé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè fún ara mi mọ́ inú ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ wa ni kí o gbé wá."

Ọkọ̀ wa ọ̀hún ò sàn ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ké lábẹ́. Bí ó bá já sí kòtò, á ní gbò; bí ó bá jáde, á tún ní gbò. Makẹ́níìkì wa nílé sọ pé búúṣì rẹ̀ ló ti jẹ tán. Búúṣì ni wọ́n ń pe àwọn rọ́bà róbótó tí ó wà níbi tí irin tó gbé táyà dúró ti so mọ́ ara ọkọ̀, kí irin má bàa máa lu irin. Èyí tí a rí rà nílé kì í pẹ́ tí ó fi ń ya. Ìyáálé mi ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Ẹgbẹ́dá l'Ékòó, Ọ̀gá Múfú, ọmọ Ìbàdàn, tí irú ọkọ̀ àtijọ́ báyìí nìkan ló ń tún ṣe.

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tóóró, tírélà sì pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Mo rọra ń lọ ní etí ọ̀nà. Ní Ọ̀yọ́ mo jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ọgọ́rùn-ún náírà, ó sì yó mi. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mi ò gba ọ̀nà márosẹ̀, mo ya sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, nítorí ọkọ̀ tí ń ké kò lè bá àwọn tó ń sáré rìn. Ọ̀nà náà dára títí mo fi kọjá Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n láti Ṣàngó wọ Abúlé Ẹ̀gbá, kòtò gálọ́ọ̀pù lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni. Ní Ìyànà Ìpájà, awakọ̀ kan yọrí sí mi láti inú bọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Màmá, búúṣì yín ti lọ o!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Ẹ rọra jàre. Ọkọ̀ gidi nìyẹn, ẹ má tà á fún wọn!"

Bí mo ṣe ń sún mọ́ Ìgàndó ni òórùn kan wọ inú ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní Sólóòsì ni, ààtàn tí ó ga bí òkè. Nílé wa, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn máa ń wà, ata àti ìbẹ́pẹ sì ń lalẹ̀ hù níbẹ̀. Níbí, ibi iṣẹ́ ni: mo rí tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n ń ṣa ike àti irin nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dì í ní àpò àpò fún àwọn tó ń rà á. Omi mímu pàápàá, rírà ni ní ilé Bàsírù. Ìyáálé mi tí kò mu nǹkan mìíràn láyé rẹ̀ ju omi kànga lọ, ó fi eyín ya ọ̀rá omi fún mi bí ọmọ Èkó gan-an.

Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó jókòó tì í ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ bí ẹni tí ó wà ní ibùdókọ̀.

Nígbà tí Bàsírù ti ibi iṣẹ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, inú rẹ̀ sì dùn láti rí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí òun bá mi gbé ọkọ̀ wọlé, ó gbọ́ gbò gbò rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá Kékeré, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn Mọ́mì ò lè gba èyí dé Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ọ̀la la máa tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe. Èmi fúnra mi ni màá wà á wò ní ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Tí ó bá ké bẹ́ẹ̀yẹn níbẹ̀, Mọ́mì ò ní lọ o."

Ìyáálé mi gbé ọwọ́ lé ẹrù rẹ̀. Èmi náà ò sùn dáadáa, nítorí mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé kí n tó kúrò.

Àárọ̀ Sátidé la gba Ẹgbẹ́dá lọ. Ọ̀gá Múfú kúrú, ó sanra, orin ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ó tú àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó fi sọ́ọ̀ gé àwọn búúṣì àtijọ́ jáde. Ó fi wọ́n hàn wá: rọ́bà wọn ti lanu, ó ti dúdú bí èédú. Ó fi omi ọṣẹ pa ara àwọn tuntun, ó ní gíríìsì a máa jẹ rọ́bà, ó sì fi fáìsì, irin tí wọ́n fi ń há nǹkan, tẹ̀ wọ́n wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyáálé mi jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo oníṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí ó dá gbogbo rẹ̀ padà tán, ó gbé ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì, ó sì tì í sórí kòtò onísìmẹ́ńtì tí ó fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní òun ò tí ì de àwọn nọ́ọ̀tì tó so irin náà mọ́ ọkọ̀ pa.

"Tí mo bá de wọ́n pa láìsí ẹrù nínú ọkọ̀, ọjọ́ tí èrò bá wọ̀ ọ́ ni rọ́bà á lọ́, á sì ya. Mo fẹ́ èèyàn nínú ẹ̀."

Mo rántí pé àpò yanrìn ni ọkọ wa máa ń kó sí i nígbà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàsírù bá wa, ó wọ aṣọ ìpàdé, ó ń wo aago. Ọ̀gá Múfú wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ tẹ̀wọ̀n dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti Màmá lẹ́yìn."

Bàsírù fẹ́ ṣàwáwí, ṣùgbọ́n ìyáálé mi ti wọlé, ó ń fi ọwọ́ gbá ìjókòó fún un. Ó wọlé. Èmi jókòó síwájú. Ọ̀gá Múfú wọ inú kòtò lọ, ó kígbe pé, "Ẹ má mira o!"

Fóònù Bàsírù dún nínú àpò rẹ̀. Ó fẹ́ yọ ọ́.

"Mo ní kí ẹ má mira!"

Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. A ń gbọ́ bí sípánà ṣe ń yí lábẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ni Bàsírù sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ tí mi ò ṣe fún yín?"

"Kò sí. O ṣe é tán, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti jáde láàárọ̀, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ ń sọ̀rọ̀, kì í sì í dá mi lóhùn. Nílé, bí mo bá húkọ́ lásán, àwọn ará ilé á ti kí mi pẹ̀lẹ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí nǹkan bá ṣe yín níbẹ̀ ńkọ́?"

"Nǹkan á ṣe mí lọ́jọ́ kan, Bàsírù, ìbáà ṣe níbí, ìbáà ṣe lọ́hùn-ún. Ibi tí mo fẹ́ kí ó ti bá mi ni mò ń sọ."

Mi ò lè wẹ̀yìn. Mo kàn ń wo ọwọ́ mi lórí ìdarí ọkọ̀.

Ìgbà tí ó jáde, tí ó ní ó tán, kò sí ẹni tó tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú wa.

Bàsírù ló wà á lọ sí Ìjẹ̀gùn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn nígbà náà mọ̀ pé ọ̀kadà pàápàá ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ibi tó burú jù. Ọkọ̀ bọ́ sí kòtò, ó ní fùù, ó jáde. Ó tún bọ́, ó tún jáde. A ò gbọ́ gbò kankan. Bàsírù gbójú sókè wo díńgí láti béèrè bí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ṣe rí. Ìyáálé mi ti sùn lọ, ó lanu sílẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀.

Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó rọra wá ibi tí ó ti lè yí ọkọ̀ padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù sínú búùtù, ó to ìrọ̀rí sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní òun á máa wá ní ìparí oṣù. Títí a fi yà ní ìkóríta, ó ṣì dúró níbi géètì.

Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi ò gùn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá àti ọmọ kò rí sọ nínú pálọ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, àfi ìgbà tí wọ́n jókòó sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dìde. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé àgbà rìn, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́rọ̀ la dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyáálé mi sọ̀ kalẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Àwọn aládùúgbò ti ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yí ojú ká àgbàlá.

"Ìyàwó, o jẹ́ kí koríko hù báyìí nínú ilé ọkọ wa?"

Ó ní kí n gbé àpótí wá fún òun. Ó jókòó, ó ń nàka: ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ló kù, ti ìdí kànga náà ńkọ́? Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìyàwó tuntun, mò ń tu koríko, mo sì ń rẹ́rìn-ín.