Bátìrì Kì í Ṣọ̀fọ̀

Ogójì ọjọ́ pé. Màmá ní kí n lọ ṣí yàrá.

Nílé wa, bí ẹnì kan bá kú, a kì í fọwọ́ kan ohun ìní rẹ̀ títí ogójì ọjọ́ á fi pé. A ó ti ilẹ̀kùn. Bàtà rẹ̀, ife tó fi mumi kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ á wà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìlú Moretan, ní ilẹ̀ Tógò, la ti wá kí a tó máa gbé Atakpamé. Ibẹ̀ la ti gbé àṣà náà bọ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Alùpùpù oníná ẹ̀gbọ́n mi wà lára ògiri. Eruku ti bò ó. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo yí i. Kò sí iná. Mo tún yí i. Ojú mítà dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Mi ò sunkún. Ó ti rẹ̀ mí jù fún ẹkún.

Igbẹ́kọ̀yí lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ Màmá lọ́wọ́ kó tó bí i. Wọ́n ní igbẹ́ kọ eléyìí, kó dúró tì wá. Ó dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Fáníyì lorúkọ mi. Ìwé kò wọ̀ mí lórí, mo fi í sílẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ń bá àwọn bíríkìlà po sìmẹ́ńtì.

Òun, búrẹ́dì ló ń gbé. Tàńtí Honorine ní ilé búrẹ́dì nísàlẹ̀ ìlú, ní Agbonou. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á di apẹ̀rẹ̀ ńlá mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, á gbé e lọ sí Òkè-Ìrókò. Kìlómítà méjìdínlógún ni, òkè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ kò gbọdọ̀ lù kó tó dé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ti lọ sóko, búrẹ́dì á gbẹ síbẹ̀.

Alùpùpù elépo ló kọ́kọ́ ń gùn. Nígbà tí epo ń jẹ gbogbo èrè, ó ra oníná. Bátìrì àkọ́kọ́ tó rà, bí ẹni ń ra iṣu ló ṣe rà á. Ìran oníṣu ni wá. Bí a bá dé ọjà Elavagnon, a ó gbé iṣu sókè wò. Èyí tó wúwo ló dáa, èyí tó fúyẹ́, inú rẹ̀ ti bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bátìrì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú èyí tó wúwo jù. Olójé ni, irú tí wọ́n fi òjé ṣe, àpótí márùn-ún. Alùpùpù kò tíì gbé búrẹ́dì, ẹrù ti wà lórí rẹ̀. Ó dé ìdajì òkè, ó kú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé apẹ̀rẹ̀ rù, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Bàbá àgbà kan wà lókè yẹn, Bàbárímisá, ẹlẹ́nu ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ẹ̀gbọ́n mi, á ní: "Igbẹ́kọ̀yí, iṣu rẹ ti jinná?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní: "Ó ń hó lórí iná, Bàbá."

Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ bátìrì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, títí ó fi ra òmíràn tó ń gòkè. Bá a bá ń jẹun nírọ̀lẹ́, á máa sọ ọ́ fún mi. Èmi kì í gbọ́. Gbólóhùn kan ló dúró sí mi létí: "Má wo bátìrì níbi tó ti ń sinmi. Gbé ẹrù lé e, kó o wá wò ó."

Nínú ọdún yìí, ó ń sọ pé àyà ń dun òun bí òun bá ń gòkè. A ní kó sinmi. Á sinmi lọ́jọ́ Àìkú, á máa rẹ́rìn-ín, á máa gbé Patricia ọmọ rẹ̀ jù sókè. A ó ní ó ti san. Ọjọ́ Ajé, á tún gbé búrẹ́dì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti òkè dé, ó fi alùpùpù ti ògiri. Ó ní ó rẹ òun, òun fẹ́ dùbúlẹ̀ díẹ̀. Kò so bátìrì mọ́ iná bó ṣe máa ń ṣe. Ó dùbúlẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ tí ogójì ọjọ́ pé yẹn náà ni Tàńtí Honorine wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó kí wa kú ìnira.

"Fáníyì, láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú, François, ọmọ iṣẹ́ mi, ló ń bá mi gbé búrẹ́dì. Kì í tètè dé. Àwọn ará òkè ń bú mi. Ọmọkùnrin kan ti Notsé wá, ó ní ọkọ̀, ó fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Mo ní kó dúró dìgbà tí ogójì ọjọ́ bá pé."

"Ẹ ṣé, Tàńtí."

"Ó ti pé. Gbé e fún mi lọ́jọ́ Ajé. Bí búrẹ́dì bá dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, iṣẹ́ náà kò kúrò nílé yín. Bí kò bá dé, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà ní ẹni tí mò ń bọ́."

Céline, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé Patricia pọ̀n.

"Ọkọ mi kékeré," ó pè mí, "ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màá ṣe é, ìyàwó wa."

Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi dá níbi ìsìnkú wà lọ́wọ́ Céline. Ó tó bátìrì kan. Bí mo bá ra èyí tí kò dáa, kò sí èkejì, kò sí iṣẹ́, kò sí ohun tí òun àti ọmọ máa jẹ. Ó kó owó náà fún mi láìbéèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Fò Joachim. Fò là ń pè é, bí ẹni pe ẹ̀gbọ́n. Ó ń ta bátìrì, ó ń tún un ṣe, létí títì. Èèyàn títóbi ni, orí táyà ló ń jókòó sí. Ó ki wáyà bọ bátìrì ẹ̀gbọ́n mi, ó wò ó, ó mi orí.

"Ìgbà wo lẹ so ó mọ́ iná kẹ́yìn?"

"A ò so ó. Ó wà nínú yàrá Igbẹ́kọ̀yí. A ti ilẹ̀kùn fún ogójì ọjọ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tì í?"

"Àṣà wa ni, Fò."

Ó tú wáyà náà. "Àbúrò, èèyàn ló ń ṣọ̀fọ̀. Bátìrì kì í ṣọ̀fọ̀. Ó ti ṣófo kẹ́ ẹ tó tì í mọ́lé. Bátìrì tó bá sùn lófìfo, tó pẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í jí mọ́. Ebi lẹ fi pa á. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ so ó mọ́ iná lẹ́ẹ̀kan péré—"

Ó rí ojú mi. Ó fi ẹsẹ̀ ti táyà kejì sí mi. "Jókòó. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń jókòó."

Mo jókòó. Ó kó mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ olójé. Méjì jẹ́ lítíọ́mù, irú tí ẹ̀gbọ́n mi lò gbẹ̀yìn. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi lọ sí olójé, tí mo gbé e sókè.

Fò Joachim bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ará Moretan! Ó tún ti ń wọn iṣu!"

Obìnrin tó ń ta kókó, ẹ̀kọ mímu, nítòsí náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi díẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀.

"Wo tánkì omi orí ilé yẹn," Fò Joachim ní. "Fólítì ni gíga tí wọ́n gbé e kà. Bó bá ga, omi á tú jáde tagbára tagbára. Alùpùpù rẹ, ọgọ́ta ló ń fẹ́. Má gbé méjìléláàádọ́rin sí i, wàá jó o. Ámpíà ni títóbi tánkì náà. Fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, o ti mọ iye omi tó wà níbẹ̀."

Ó mú èédú, ó kọ ọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Bí apẹ̀rẹ̀ bá wà lẹ́yìn, kìlómítà kan á jẹ bí ogójì nínú omi náà. Àlọ àti àbọ̀ Òkè-Ìrókò jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Òjìlélégbèje ni mo nílò. Lítíọ́mù kékeré, ọgọ́ta fólítì, ọgbọ̀n ámpíà: ẹgbẹ̀sán. Ó tó, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Lítíọ́mù kejì ń dán, wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ọn: ọgọ́ta, àádọ́ta.

"Ẹgbẹ̀ẹ́dógún nìyẹn!" ó ní. "Wàá lọ, wàá bọ̀, wàá tún lọ. Iye kan náà ni mò ń ta méjèèjì. Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ ni o."

Ọkàn mi lọ síbẹ̀. Tánkì ńlá, owó kan náà. Ta ni kò ní mú un? Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò. Gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi wá sí mi létí.

"Fò, ṣé mo lè fi gun òkè?"

"Òkè wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn. Pẹ̀lú ẹrù."

"Ẹrù wo? Mi ò ní ẹrù níbí."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Obìnrin oníkókó pàtẹ́wọ́. "Fò Joachim, gùn ún jọ̀ọ́! O ti ta gbogbo nǹkan tán, ó ku ara rẹ!"

Ó bú u, ṣùgbọ́n ó so bátìrì ńlá náà mọ́ alùpùpù, ó sì gun ẹ̀yìn mi. Ìdí alùpùpù náà wọlẹ̀. Mítà kọ fólítì mẹ́tàdínláàádọ́rin; bí bátìrì ọgọ́ta bá kún, ó máa ń kọjá ọgọ́ta díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó di mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó di méjìdínlọ́gọ́ta. A ò tíì dé ìdajì, ó kọ mẹ́tàléláàádọ́ta, iná lọ.

"O ti pa á!"

"Mi ò pa á, Fò. Òun ló dákẹ́."

A sọ̀ kalẹ̀. A yí i padà, a ń dì í mú kó má sáré. Òógùn bo Fò Joachim. Àwọn obìnrin tó ru igi ń kọjá. Ọ̀kan ní: "Fò, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gùn ún ni, àbí òun ló ń gùn yín?"

A délẹ̀, mo tan án. Mítà ti padà sí mẹ́rìndínláàádọ́rin.

"Wò ó!" ó ní. "Ó ti dáa."

"Ó ń sinmi ni, Fò."

Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Èmi náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Nọ́ńbà ara rẹ̀, bébà ni. Ta ni kò lè lẹ bébà? Wọ́n ti fi aṣọ tuntun wé arúgbó fún mi." Ó gbé e jù sẹ́yìn ìsọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so kékeré náà mọ́ ọn, ó sì gun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mò ń retí kó já. Kò já. Ó dúró síbẹ̀ títí a fi dé orí òkè. Òrùlé ìlú wà nísàlẹ̀ wa. Mo pa á.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ náà gbé mi wá síbí," Fò Joachim ní lẹ́yìn mi. "Lọ́jọ́ tó ra tiẹ̀. Òun náà ní kí n ṣe ẹrù. O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Mi ò yíjú padà, kó má baà rí mi. Nígbà tó yá, mo tan án, a sọ̀ kalẹ̀.

Mo san owó. Ó ní ṣájà ẹ̀gbọ́n mi bá a mu. Ó ní bí mo bá dé láti òkè, kí n má so ó mọ́ iná lójú ẹsẹ̀, kí n jẹ́ kó tutù ná. Kí n má sì jẹ́ kó ṣófo tán láé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, àti ọ̀rọ̀ ogójì ọjọ́. Ó ní: "A ò mọ̀. Lọ́jọ́ iwájú, kí ẹnì kan máa wọlé so ó mọ́ iná. Kó má ṣáà gbé e kúrò lójú kan."

Lọ́jọ́ Ajé, Céline ló bá mi di apẹ̀rẹ̀. Ó mọ ìdì náà ju èmi lọ, ó ti bá ọkọ rẹ̀ dì í. Mo gbéra. Mi ò yára. Níbi tí ọ̀nà ti ga jù, mítà kọ méjìlélọ́gọ́ta. Ó dúró síbẹ̀.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo dé Òkè-Ìrókò. Màmá Àyọ̀kẹ́, tó ń gba búrẹ́dì níbẹ̀, gbọ́ ìró táyà, ó sáré jáde. Ó rí alùpùpù, ó dúró. Àwọn yòókù náà dúró. Gbogbo wọn mọ alùpùpù náà.

"Àbúrò rẹ̀ ni mí," mo ní. "Búrẹ́dì yín rèé."

Wọ́n kí mi kú ọ̀fọ̀. Màmá Àyọ̀kẹ́ gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbà kan wà lórí ìjókòó lábẹ́ igi, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nígbà tó lanu. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ọmọ, iṣu yín ti jinná?"

"Ó ti jinná, Bàbá," mo ní.

Ó mi orí. Ó wo ilẹ̀.

Mo padà sílé. Mo fi alùpùpù ti ògiri, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi fi í sí. Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ dùbúlẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń fọwọ́ kan bátìrì náà títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà ni mo so ó mọ́ iná.