Ẹja Tí Ìyá Àgbà Ò Jẹ Mọ́

"Má mira," ni ìyá àgbà wí fún mi. "Ẹja ti ń tọ́ edé wa wò."

Wọ́n jókòó sórí iyanrìn tútù, wọ́n wé okùn ìwọ̀ mọ́ ìka, omi sì rọra ń dé ẹsẹ̀ wa, ó ń padà. Etíkun ibẹ̀ kì í bínú. Bí wọ́n bá fa okùn náà tí ẹja yọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ káàbọ̀ o!" Ọmọ Èkó ni wọ́n, etí omi ni wọ́n ti ṣeré dàgbà kí ọkọ wọn tó kó wọn wá sí Dọ́pẹ̀mú, níbi tí èéfín ilé-iṣẹ́ ti ń jí èèyàn. Eré Sátidé lásán ni ẹja pípa jẹ́ fún wọn.

Àbúrò ìyá mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bí, ló máa ń sìn wá lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣójà gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní sáàpù dé, ilé-iṣẹ́ aláṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà dá a dúró. Ó jókòó sílé títí ojú fi ń tì í láti jẹun. Ó bá sọ fún ìyá mi pé òun fẹ́ sá wọ ọkọ̀ òkun l'Ápápá lọ sílùú òyìnbó. Bó ṣe lọ nìyẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn aráàdúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bí àwọn atukọ̀ bá ká irú wọn mọ́nú ọkọ̀, inú òkun ni wọ́n ń jù wọ́n sí.

Nínú ẹbí wa, bí omi bá gbé èèyàn ẹni lọ, a kì í jẹ ẹja omi náà mọ́. Gbogbo ojú wá ń wo ìyá àgbà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ṣíwọ́ ẹja jíjẹ. Sátidé kò gbọdọ̀ yẹ̀, a ó lọ sétíkun. Bí a bá padà délé, wọ́n á din ẹja, wọ́n á gbé àwo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn, wọ́n á ṣe bísímílà, wọ́n á jẹ ẹ́ torí-tìrù.

"Ìyá, ṣé ẹja òkun náà lẹ tún ń jẹ yẹn?" ni ìyàwó onílé bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

"Òun ni. Ṣé kí n bù fún ẹ? Ọmọ mi ò sí lómi jàre. Tó bá wà níbẹ̀, ṣé ọ̀fun mi á gbà á?"

Mo gbà wọ́n gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń jẹ ẹja, ọkàn mi balẹ̀ pé ẹni wa ń bọ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Ṣójà kan gbàjọba lọ́wọ́ ṣójà kejì, ilé-iṣẹ́ tún ń kógbá sílé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá àgbà fa ọ̀bọ̀kún kan jáde tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ń fò sókè. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n rìn wọnú omi dé orúnkún, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ ò ní jẹ ẹ́ ni?"

"Ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Nígbà tí a délé, ìyá mi wo agbọ̀n tó ṣófo, wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n bú sẹ́kún. Bí ìyá àgbà ṣe túfọ̀ ọmọ wọn fún wa nìyẹn. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Ìyá àgbà ò padà sétíkun mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Èmi náà ti bímọ báyìí. Bí àwọn èèyàn bá ń wàásù fún mi pé kí n ní ìrètí, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀ ọ́ ni, torí mo rí bí ìyá àgbà ṣe fi ẹnu ara wọn mú ọmọ wọn dúró láyé, títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Mi ò jẹ ẹja òkun. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, mo máa ń ní kò bá mi lára mu.