Òkúta Tí Mo Yí Kúrò Nídìí Katakata

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí katakata bàbá àgbà mi tún dún. Katakata kékeré tí wọ́n fi ń gé koríko ọgbà ni. Ó ti dípẹtà, èmi àti bàbá àgbà la sì jọ ń tún un ṣe lẹ́yìn ilé wa ní ìlú Glei. Ìjánu rẹ̀ nìkan ló kù tí a kò tíì tún ṣe. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí ilé ìdáná, bàbá àgbà gbé òkúta ti táyà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbálẹ̀. Ìyá àgbà kì í fẹ́ rí òkúta lórí ilẹ̀ tí a ti gbá, mo bá yí òkúta náà lọ sẹ́bàá ògiri. Katakata kò mira, torí táyà rẹ̀ ti rì díẹ̀.

Nígbà tó yá, bàbá àgbà fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Mò ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé táyà ti ń yí.

“Bàbá, ẹ yà!”

Wọ́n fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Katakata kọjá lára wọn, ó wó ògiri ilé ìdáná, ó sì fọ́ àpótí ìjókòó ìyá àgbà wẹ́wẹ́. Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pọnmi ni.

“Mo gbé òkúta síbẹ̀,” ni bàbá àgbà ń wí. “Àbí n kò gbé e?”

Ìyá àgbà dé, wọ́n wo ògiri títí. “Bàbá, ogbó ti dé. Ẹ fi irin yẹn sílẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, bí bàbá àgbà bá ti ilẹ̀kùn tán, wọn a tún padà lọ wò ó bóyá wọ́n tì í. N kò tíì sọ fún wọn pé èmi ni mo yí òkúta náà kúrò. Bàbá àgbà kò mọ̀wé. Tí ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ bá dá àròkọ yìí padà, èmi ni n ó kà á sí wọn létí.