Ọ̀dẹ̀ Màmá Mi

Lẹ́nu màmá mi, ọ̀dẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Òmùgọ̀ kò mọ nǹkan rárá. Ọ̀dẹ̀ gbọ́n tirẹ̀, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ tó yẹ kó lo ọgbọ́n náà, á gbàgbé ibi tó fi í sí. Ó lè pe èmi ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó sì tún bu ẹran kún oúnjẹ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú u sí Twi, èdè ilẹ̀ Gánà, ní Akra tí à ń gbé o. Ẹni tó bá pe ọmọ ọlọ́mọ ní kwasea, ìyẹn òmùgọ̀ lédè wọn, ní gbangba, ẹjọ́ ló fà lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí màmá mi fi máa ń bú àwọn èèyàn ní Yorùbá, táá sì rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé sí Gánà, mo mú ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kaneshie. Ọmọ Kumasi ni, ó ń tún fíríìjì ṣe, òun ni mo sì fẹ́ fẹ́. Màmá mi kò fẹ́ gbọ́. Ọmọ Yorùbá ló fẹ́ fi ṣe àna.

Ọjọ́ náà gan-an ni òjò ṣú. Abọ́ tánganran àti ọṣẹ ni à ń tà. Màmá mi ní kó bá wa bo ọjà. Ló bá sáré fi tapólì bo abọ́ pinpin, ó fi ọṣẹ sílẹ̀ fún òjò. Kí òjò tó dá, ọṣẹ wa ti ń hó lọ bá àwọn onítrotro, àwọn ọlọ́kọ̀ akérò, lójú títì.

"Ọ̀dẹ̀ ni ọmọ yìí o," màmá mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọkùnrin mi náà rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ dẹ?" ló béèrè. Bí Twi ṣe ń sọ pé nǹkan dùn nìyẹn, ó sì jọ ọ̀dẹ̀ létí rẹ̀. Kí n tó rí ohun wí, màmá mi ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn. Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀dẹ̀ di orúkọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹbí rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn nílé wa ní Darkuman, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó tọrọ ìyàwó. Màmá mi ti sọ fún mi láàárọ̀ pé òun máa dá ọtí tí wọ́n bá fi tọrọ mi padà, pé òun kò gbà. Inú mi bàjẹ́.

Ọkùnrin mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì fi Yorùbá tó ti kọ́ sọ̀rọ̀ ketekete: "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà, ọ̀dẹ̀ ni yín."

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ti fa fìlà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ. Àgbà tó ṣáájú àwọn ará Kumasi rí i pé ojú wa yí padà, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó sọ.

"Orúkọ tí Màmá máa ń pè mí ni," ó dáhùn ní Twi. "Kí Màmá fúnra wọn sọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Màmá mi wolẹ̀, ó wòkè. Bó bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé ó ti ń bú ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá. "Ó dùn," ló wí ní Twi. "Èèyàn tó dùn ni."

"Ẹni tó dùn tó báyìí, ta ló máa kọ̀ ọ́?" ni àgbà náà wí, ó sì gbé ìgò ọtí lé e lọ́wọ́.

Màmá mi fà mí wọ ilé ìdáná. "Ṣé ìwọ lo sọ fún un?"

"Rárá, Màmá. N kò sọ nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó kí n tó gbọ́ pé ìyá onílé rẹ̀ ní Sabon Zongo, àdúgbò tó ń gbé ní Akra, tó jẹ́ Yorùbá, ló ti túmọ̀ rẹ̀ fún un láti ọ̀sẹ̀ tí òjò yẹn rọ̀.

Màmá mi wo ìgò ọwọ́ rẹ̀ títí. "Ọ̀dẹ̀ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí," ló wí, "kì í sì í ṣe ọmọ yẹn." Ó ṣí ìkòkò, ó bu ẹran tó tóbi jù níbẹ̀, ó ní kí n gbé e fún un.