Fèrèsé Ẹ̀yìn Yàrá Bàbá

Òórùn láfún ló kún imú mi lọ́jọ́ náà. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa l'Ówu ni mo ti ń sá a, ọwọ́ mi funfun dé ìgúnpá, nígbà tí aládùúgbò wa kan sáré dé. "Ìyàwó, àwọn tọ́ọ̀gì ti ya wọ ilé bàbá o."

Ilé olóṣèlú àtijọ́ tí gbogbo wa ń pè ní bàbá ló ń wí, èyí tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú ibẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọbìnrin mi wà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló lọ ya fọ́tò níbẹ̀ láàárọ̀, ni àwọn tọ́ọ̀gì ẹgbẹ́ kejì bá wá fìyà jẹ ilé, bí ẹni pé ilé ló dìbò. Mo sáré láìwọ bàtà.

Àfọ́kù ìgò ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n ti fi àdá gé àga bàbá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òórùn bẹntiróòlù sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yọjú láti ilé ìdáná. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìyá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá bàbá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, bàtà kékeré ọmọ mi sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ yàrá yẹn. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé inú ibẹ̀ ló fi ọmọ náà pamọ́ sí.

"Ìyá àgbà, ẹ yà lọ́nà kí a má baà sun yín mọ́ ilé."

"A kì í wọ yàrá bàbá láìkí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni yín, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ojú èmi àti ìyá ṣe mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀, ó gbóhùn sókè. "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. Fèrèsé ẹ̀yìn yín ò mà tì o."

Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn yòókù fi í ṣẹ̀sín: "Bàbá ní o ṣeun, dìde." Ọ̀kan bínú, ó gbé igi, ó là á mọ́ apá ìyá. Mo gbọ́ bí eegun ṣe dá, mo sì sá kúrò níbẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ mi ni. Mo yí ilé po, mo gun fèrèsé, mo fa ọmọ yọ lábẹ́ ibùsùn. A ò tíì jìnnà tí ilẹ̀kùn fi wó, tí iná sì sọ.

Fìlà, agbádá, ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ló jóná. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yẹn náà ló wọ́ ìyá jáde nínú èéfín, ó gbé e kalẹ̀ lójúde, ó sì sá lọ. Títí dòní, apá ìyá ò nà tán.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òkú bàbá ló jà fún wa. N kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi bi mí ní ọsibítù pé, "Màmi, ṣé bàbá gbọ́ nígbà tí ìyá kí i?" mo fà á mọ́ra.

"Bàbá ti kú tipẹ́, ọmọ mi. Èmi ni ìyá ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbọ́."