Ojú Tí Kò Nílà

Ọjọ́ tí bọ́ǹbù kọ́kọ́ dún létí wa ní Yábàá, ilé mì, abọ́ já bọ́ lórí tábìlì, màmá mi sì fi ẹ̀wà tó ń sè sílẹ̀ lórí iná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, sójà ti di gbogbo ọ̀nà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀! Ohun tí àwọn olórí sọ fún wa lórí rédíò ni pé ogun tí ìjọba ń bá àwọn Íbò jà ò ní pẹ́, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti máa jà á. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, gbà á gbọ́. "Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe," ni Bàbá wí. Irọ́ gbuu! Wọn ò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi Fọlárìn àti Kàmọ́rù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, sójà dá wọn dúró ní Ọ́tò. Ojú ni wọ́n fi ń mọ èèyàn nígbà yẹn. Ẹni tó bá kọlà, Yorùbá ni, kó máa lọ. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá dán, wọ́n á ní Íbò ni, pé amí ọ̀tá ni. Ká tiẹ̀ ní Íbò ni, kí ló ṣe? Kàmọ́rù, ọmọ Mushin, kọ àbàjà. Fọlárìn ò kọ nǹkan kan, torí Bàbá ní ọmọ onígbàgbọ́ tó kàwé ò gbọdọ̀ fi abẹ kan ojú. Ó fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀ títí. Sójà yẹn ò gbọ́ Yorùbá.

Kàmọ́rù ló sáré wálé. "Mọ̀mọ́, ẹ gbà wá o! Wọ́n ti gbé Fọlárìn lọ!"

Èmi àti Bàbá ń lọ sí bárékè lójoojúmọ́. "Ẹ padà wá lọ́la, Bàbá," ni ọ̀gá wọn máa ń sọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ní àwọn ò rí orúkọ bẹ́ẹ̀.

Màmá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré: "Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí wọ́n kọlà yẹn fún un, Bàbá Fọlárìn."

Ogun tí wọ́n ní kò ní pẹ́ gbà ju ọdún méjì lọ. Nígbà tó parí, àwọn ọ̀gá bọ ara wọn lọ́wọ́. Ta ló wá sílé wa wá sọ ibi tí Fọlárìn wà? Inú ń bí mi dòní! Tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí bá ń pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n kúkú jà á tán, mo máa ń bi yín: ta ni yóò jà á, ta ni yóò sì kú?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a dúpẹ́ pé ogun parí, Bàbá ló ń ka àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe kan àdúrà fún àwọn aláṣẹ ìlú, Bàbá dákẹ́.

"Ẹ máa bá a lọ, sà," àlùfáà rọra sọ.

Bàbá pa ìwé dé, wọ́n padà sáyè wọn. Títí wọ́n fi kú, wọn ò ṣe àmín sí àdúrà yẹn mọ́. Èmi náà ò tíì ṣe é.